“Da chi?”: bí àgbá ìdọ̀tí Koko ṣe la ohùn kíláàsì èdè Ítálì kan

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn obìnrin tó ń tọ́jú arúgbó ní Ítálì sábà máa ń gba ìsinmi ọ̀sán. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ rí mọ̀ ọ́n: tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, wọ́n ti kún orí àga páàkì, oníkálukú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, èdè oríṣiríṣi ń dún. Ìdí nìyí tí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ìjọba kan, ní ìlú kan lẹ́bàá odò Po, fi kíláàsì B1 rẹ̀, ìpele àárín nínú gbígbọ́ èdè, sí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní “mediatore”: mo máa ń jókòó ti olùkọ́, tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó mọ́ ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́, èmi ni mo máa ń tú u. Ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù October 2024 sí June 2025. Àwọn tó ń kọ́ àgbàlagbà ní èdè ni mo ń kọ ọ́ fún, pàápàá àwọn tó ti ń gbọ́ ọ káàkiri pé kí a máa fi ọ̀rọ̀ àyíká, òṣèlú àti àwùjọ kọ́ni ní èdè. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe máa ń bàjẹ́, tiwa sì kọ́kọ́ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ 14 la fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, Edo ló pọ̀ jù nínú wọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí ní Ítálì. Ará Bangladesh wà níbẹ̀, ará Senegal, ará Peru, ará Ukraine. Kì í ṣe ìfẹ́ èdè ló kó wọn jọ. Láti ọdún 2010 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá ń wá ìwé ìgbélùú ọlọ́jọ́ gígùn gbọ́ èdè Ítálì dé ìpele A2. Ní ọdún 2018 ni wọ́n tún sọ pé ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ onílùú gbọ́dọ̀ dé B1, ìyẹn lẹ́yìn tó bá ti lo ọdún 10 lórí ilẹ̀ náà, bí òfin 91 ti ọdún 1992 ṣe là á sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ará Yúróòpù. Nítorí náà, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n wá gbà. Ẹ jẹ́ ká má parọ́ fún ara wa lórí ìyẹn.

Ìwé tí wọ́n fún wa láti fi kọ́ wọn ń sọ̀rọ̀ ilé kọfí, ọkọ̀ ojú irin, bí a ṣe ń gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì. Màmá kan wà nínú kíláàsì náà, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni ọdún 58, tó ti ń tọ́jú arúgbó fún ọdún 12. Ó wo orí òtẹ́ẹ̀lì náà títí, ó yíjú sí mi: “Tíṣà, ta ló fẹ́ gbé mi lọ òtẹ́ẹ̀lì?” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún olùkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ọmọ Ítálì ni olùkọ́ yìí, kò tíì pé ẹni ọdún 35, ọlọ́yàyà ènìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló dé pẹ̀lú ètò tuntun: ìṣòro tó ń bá ayé fínra la ó máa fi kọ́ èdè, oṣù kan fún àyíká, oṣù kan fún òṣèlú, oṣù kan fún ọ̀rọ̀ àwùjọ. Èmi ṣiyèméjì díẹ̀, mo sì gba kámú.

Àyípadà ojú ọjọ́ ló fi ṣíde. Ó mú ìròyìn wá nípa Venice: omi tó ga dé 187 sẹ̀ǹtímítà ní ọjọ́ 12 oṣù November 2019, àti MOSE, àwọn ilẹ̀kùn irin ńláńlá tó ń dìde látinú omi láti dí òkun lọ́nà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní tòótọ́ ní October 2020. Ó fi omíyalé Emilia-Romagna ti May 2023 kún un. Ìròyìn tó dára ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dà bí òkúta lẹ́nu: “sostenibilità”, “emissioni”, “mitigazione”. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ orúkọ oògùn. Ẹnu kò là.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ọkùnrin ará Bangladesh tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé oúnjẹ kan. Ó ní òun fẹ́ bi olùkọ́ léèrè, “riscaldamento globale” yìí, ìyẹn ayé tó ń gbóná, “chi paga?” Ta ló ń sanwó rẹ̀? Ó yẹ kí n ṣàlàyé: “riscaldamento” tí òun mọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru lásìkò òtútù, èyí tí gbogbo ayálégbé inú ilé alájà púpọ̀ ń dáwó rẹ̀ jọ. Owó gáàsì ti wọ́n láti ìgbà tí Rọ́ṣíà ti kógun ja Ukraine ní 2022, ó sì ti ń jà sí owó náà nílé rẹ̀. Ayé móoru lójú tirẹ̀, ó dáa, bílì rẹ̀ dà? Kíláàsì rẹ́rìn-ín, olùkọ́ tún “riscaldamento” ṣàlàyé, a sì kọjá lọ. Ìbéèrè tó dára jù lọ ní oṣù náà la fi ẹ̀rín pa yẹn. Ó tó oṣù méjì kí n tó mọ̀.

Nígbà tí Venice kò so èso, olùkọ́ ní ká sọ̀ kalẹ̀ sí ohun tó sún mọ́ ilé: “raccolta differenziata”, pípín ìdọ̀tí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé sí ibí, gíláàsì sí ọ̀hún, oúnjẹ tó ṣẹ́kù sínú àpò tirẹ̀. Ó to àwòrán garawa aláwọ̀ oríṣiríṣi sí ojú pátákó. Ọ̀rọ̀ rọrùn, ẹnu là díẹ̀, inú wa ti ń dùn. Ìgbà náà ni ọkùnrin ará Senegal tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá rọra sọ pé òun mọ̀ ọ́n, ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n. Kò pariwo. Ibi tí wọ́n ti ń ṣa ìdọ̀tí ìlú náà ló ń ṣiṣẹ́ lóru láti ọdún mẹ́wàá, níwájú bẹ́líìtì tó ń gbé e kọjá. Òun ló ń yọ ike tí àwọn onílùú jù sáàárín ìwé. Ó kó ìwé rẹ̀ nígbà tí kíláàsì parí, kò sì wá ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀bi wa ni. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò dára. Ibi tí a fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí nínú ọ̀rọ̀ náà ni kò dára. Nínú ìròyìn Venice, wọn kò sí níbẹ̀ rárá. Nínú ẹ̀kọ́ garawa, wọ́n wà níbẹ̀ bí ẹni tí a ń kọ́ ní ìmọ́tótó. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan nínú méjèèjì tó fún wọn ní ohun tí olùkọ́ kò mọ̀, tí àwọn mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló yọ wá. Bí olùkọ́ ṣe ń nu pátákó lẹ́yìn ẹ̀kọ́ garawa, “rifiuti”, ìdọ̀tí, ló kù tí kò tíì nù. Ọkùnrin kan láti Sapele ní kó má tíì nù ún. Ó yọ fóònù, ó wá ìwé tí lọ́yà rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i nígbà kan jáde, ó tọ́ka síbẹ̀. Òfin tó de àwọn àjèjì ní Ítálì ló wà nínú rẹ̀: “Il permesso di soggiorno o il suo rinnovo sono rifiutati…”, ìyẹn ni pé wọ́n kọ ìwé ìgbélùú tàbí ìsọdọ̀tun rẹ̀. Ó ní, èyí tó wà lórí pátákó àti èyí tó wà nínú lẹ́tà òun, ṣé ọ̀kan náà ni? Olùkọ́ dúró. Ọ̀kan náà ni. “Rifiutare” ni kí a kọ nǹkan. “Rifiuto” ni ìkọ̀sílẹ̀. Òun náà tún ni ohun tí a kọ̀ sílẹ̀, pàǹtí. Màmá Abẹ́òkúta kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó fi àmì ohùn sí i lórí bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ọ̀rọ̀ Ítálì kó lè mọ ibi tí ohùn ti máa lọ sókè: rìfíútò. Ó wá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “òkúta tí àwọn ọ̀mọ̀lé kọ̀”. Mo túmọ̀ ìyẹn náà, olùkọ́ sì jókòó sórí tábìlì rẹ̀.

Ọkùnrin Sapele kò jókòó ní tirẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ ti “rifiuti” láti Ítálì ni, òun ní ìtàn. “Koko,” ó ní. “You sabi Koko?” Èmi lọ́rọ̀ náà kàn, nítorí mo mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ kò mọ̀ ọ́n. Wọn kò tíì bí i.

Fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ó: láàárín 1987 sí 1988, ọkọ̀ ojú omi gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí Koko, èbúté kékeré kan lórí odò Benin, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tó di Delta lónìí. Lórí ìwé, nǹkan mìíràn ni wọ́n pe ẹrù náà. Àgbàlá ọkùnrin kan ni wọ́n kó wọn jọ sí, ìròyìn ìgbà náà sì sọ pé nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù ni owó àyè tí wọ́n ń san fún un. Àgbá ń jò, àgbá ń wú nínú oòrùn. Àwọn tó tú àṣírí náà kì í ṣe ọlọ́pàá tàbí kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń gbé ní Pisa ni, tí wọ́n rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn Ítálì, tí wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn oníròyìn nílé. Ìjọba Babangida bínú, ó pe aṣojú Nàìjíríà ní Róòmù wálé, ó gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ojú omi Ítálì kan. Ìdọ̀tí náà tún padà sínú ọkọ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ọkọ̀ náà, Karin B, ń rìn kiri òkun bí ọmọ tí kò nílé: Sípéènì kọ̀ ọ́, Faransé kọ̀ ọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ ọ́, kó tó wá gúnlẹ̀ ní Livorno. Kí ọdún 1988 tó parí, Nàìjíríà ti ṣòfin ìdọ̀tí olóró, ó sì ti dá FEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀. Àdéhùn Basel, èyí tó de kíkó ìdọ̀tí olóró láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, tẹ̀ lé e ní 1989, ti Bamako fún ilẹ̀ Áfíríkà ní 1991.

Ọmọdé ni ọkùnrin yìí ní Sapele nígbà náà. Ohun tó rántí kì í ṣe àdéhùn kankan. Ó rántí pé ìyá òun kò jẹ́ kí àwọn jẹ ẹja fún ìgbà pípẹ́, àti pé wọ́n ń sọ nílé pé àwọn kan ti da ohun tó wà nínú àgbá náà nù kí wọ́n lè fi àgbá pọnmi sí. Èdè Ítálì rẹ̀ fọ́ yángá, ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ń ṣubú lura wọn, àmọ́ ó lé ní 20 ìṣẹ́jú tó fi sọ̀rọ̀. Kí ìgbà yẹn tó dé, n kò gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta rí lẹ́nu rẹ̀ léra. Nígbà tó bá sọnù, ó máa wò mí. Mo fún un ní “fusti” fún àgbá, “perdere” fún kí nǹkan jò. Ó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ mi bí ẹni gba irinṣẹ́, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, olùkọ́ ti ṣe ìwádìí, ó sì ti kọ ìtàn Koko sí ojú ìwé kan fún wọn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ lọ báyìí: “Nel 1988 migliaia di fusti sono stati scoperti a Koko. I rifiuti erano stati portati dall’Italia ed erano stati depositati in un cortile.” Ó fẹ́ fi kọ́ wọn ní “passivo”, gbólóhùn tí a ti gbé ohun tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí síwájú, tí olùṣe sì lè fara pa mọ́. B1 kò ṣeé ṣe láìsí i. Ó ní kí oníkálukú kọ́kọ́ sọ ọ́ ní èdè rẹ̀.

Màmá kà á fún mi: wọ́n rí àgbá, wọ́n gbé e wá láti Ítálì, wọ́n kó o sí àgbàlá. Ó dákẹ́. “Àwọn wo?”

Mo ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, Màmá.

“Mo mọ̀. Mo ní àwọn wo ló gbé e? Àgbá kì í rìn.”

Yorùbá kò ní irú gbólóhùn yìí. Tí ẹnì kan bá ní “àgbá jẹ́ gbígbé wá”, a ó mọ̀ pé ìwé ló ń kà. “Wọ́n” la fi ń dí àlàfo náà, ó sì ń mú kí ènìyàn wojú ọ̀nà fún olùṣe. Mo sọ èyí fún olùkọ́ tayọ̀tayọ̀, bí ẹni pé èdè wa kì í purọ́. Màmá náà ló pè mí padà. Ó ní kí n má ṣe fi Yorùbá yangàn, ṣebí “wọ́n ní” ni wọ́n fi ń ba ọmọlúàbí jẹ́ ládùúgbò. Tí o bá béèrè pé àwọn wo ló ní, kò sí ẹni tí wàá rí. Òótọ́ ni. Ìbòjú ni “wọ́n” náà, aṣọ rẹ̀ ló kàn fẹ́lẹ́ ju ti Ítálì lọ.

Olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ méjì gàdàgbà sí òkè pátákó: “Da chi?” Látọwọ́ ta? Ó fi ṣòfin kíláàsì pé a lè lo “passivo” bó ṣe wù wá, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ti lò ó, àwọn yòókù lẹ́tọ̀ọ́ láti pariwo “da chi?”, onítọ̀hún á sì fi olùṣe parí gbólóhùn rẹ̀. Ará Bangladesh wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣe tán, òun ló kọ́kọ́ béèrè “chi paga?”

Wàhálà dé láàárín ìdajì wákàtí. Ọkùnrin Sapele ka tirẹ̀: “I rifiuti sono stati portati dagli italiani.” Látọwọ́ àwọn ará Ítálì. Gírámà rẹ̀ pé. Ojú olùkọ́ pọ́n. “Non da me,” ó ní. Kì í ṣe èmi. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọkùnrin náà kò gbóhùn sókè: ó ní nígbà tí ọmọ Nàìjíríà kan bá ta oògùn olóró ní ìlú yìí, “nigeriani” ni ìwé ìròyìn ń kọ, òun sì máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹni tó ń dúró gbọ́ kí òun sọ “non da me”. Obìnrin Peru kan wo aago, ó ní bọ́ọ̀sì òun ti fẹ́ lọ. A tú ká láìdágbére dáadáa.

Èmi àti olùkọ́ dúró nídìí ẹ̀rọ kọfí. Ó ní ká fi Koko sílẹ̀, ká padà sí òtẹ́ẹ̀lì. Kí n sọ òótọ́, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó rẹ̀ mí, mo sì ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ mi ni mo fi ń ṣeré. Ohun kan ṣoṣo tí a kò tíì fagi lé ni iṣẹ́ àmúrelé: gbólóhùn mẹ́rin nípa Koko, olùṣe kò gbọdọ̀ sá.

Ojú ìwé Màmá nìyí, bó ṣe kọ ọ́ pẹ̀lú bírò búlúù, lẹ́yìn tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ti bá a ka ohun tó rí lórí fóònù:

“I rifiuti sono stati portati da un’impresa. Sono stati acetati da un nigeriano per soldi. Sono stati scoperti dagli studenti nigeriani di Pisa. Sono stati rifiutati da molti porti.”

Ilé iṣẹ́ kan ló gbé e wá. Ọmọ Nàìjíríà kan ló gbà á nítorí owó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Pisa ló tú u síta. Ọ̀pọ̀ èbúté ló kọ̀ ọ́. “Accettati” ló yẹ kó jẹ́, c méjì, t méjì. Kọ́ńsónáǹtì oníbejì ni ọ̀tá gbogbo Yorùbá tó ń kọ́ èdè Ítálì. Olùkọ́ kò fọwọ́ kan “acetati” lọ́jọ́ náà. Ó kọ gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí pátákó, ó fa ìlà sábẹ́ “da” mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọkùnrin Sapele, ó ní òun ṣì ń ronú lórí ọ̀rọ̀ “nigeriani” náà, ó tọ̀nà. Ọkùnrin náà pa “dagli italiani” rẹ́, ó kọ “da un’impresa italiana”. Ó bèèrè bóyá àwọn oníwèé ìròyìn náà máa pa tiwọn rẹ́. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Láti ibẹ̀ ni kíláàsì yẹn ti ní ojú kan tó fi ń wo gbogbo nǹkan. A kò tún nílò “oṣù àyíká” àti “oṣù òṣèlú”. Ará Senegal padà wá. Ẹni Sapele ló lọ sọ fún un pé ìdọ̀tí tí a ń sọ báyìí kì í ṣe ti garawa. Ọjọ́ 30 oṣù January 2025 bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg dá Ítálì lẹ́bi lórí “Terra dei fuochi”, agbègbè Naples àti Caserta tí wọ́n ti ń ri ìdọ̀tí mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń dáná sun ún fún ọ̀pọ̀ ọdún: ìjọba kò dáàbò bo ẹ̀mí àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Orí fóònù la ti kà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. “L’Italia è stata condannata…” Gbogbo ilé hó: “Da chi?” “Dalla Corte!” Obìnrin Edo kan tó ti gbé Castel Volturno rí sọ bí èéfín ṣe máa ń wọ aṣọ tó sá sórí okùn. Ó bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé, tí ẹ̀ṣẹ̀ bá jẹ́ ti ẹni tí kò ṣe nǹkan, ibo ni “da” máa wà? “Non sono stati protetti”, wọn kò dáàbò bò wọ́n. Olùkọ́ fi àpólà kejì sí i, “dallo Stato”, ó sì ní òun kò mọ ìwé gírámà tó ti béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

A ka ìlà kan nínú Òfin Orílẹ̀-èdè wọn, abala 9, èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àyíká kún ní 2022. Ìlà yẹn kò ní “passivo”. “La Repubblica” ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Màmá ní òfin náà ti béèrè “da chi” lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ní ti ìdánwò, kí n má fi oyin bò ó. Àwọn méjì fi wá sílẹ̀ ní February, obìnrin Peru wà lára wọn. Ó sọ fún wa láìyọ́ ọ̀rọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bi òun nípa Koko ní ìdánwò. Wọ́n máa ní kí òun kọ ímeèlì sí ọ̀rẹ́ tàbí kí òun rojọ́ ẹrù tí kò dé. Ó tọ̀nà, ìyẹn gan-an ni wọ́n bèèrè. Àwọn méjì mìíràn yí àkókò iṣẹ́ padà, wọ́n kúrò. Nínú mẹ́wàá tó kù, mẹ́sàn-án ṣe é, àwọn mẹ́fà yege. Ibi kíkọ àti ibi ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ti ṣe dáadáa jù. Gbígbọ́ ló pa àwọn yòókù, Màmá náà wà nínú wọn. Àwa la fà á: inú wa dùn sí àríyànjiyàn débi pé a gbàgbé láti máa fi ohùn rédíò dánwò wọn. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ nínú yàrá kò jọ ohùn tó ń sáré jáde látinú ẹ̀rọ, tí kò ní ojú tí ẹ máa wò.

Tí mo bá tún irú rẹ̀ ṣe, ogójì ìṣẹ́jú nínú wákàtí méjì ni mo máa yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò láìfi ṣeré, kí n lè ní ẹ̀rí ọkàn láti lo ìyókù fún ayé. N kò ní fi ọ̀rọ̀ wúwo ṣíde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbé wá látilé ni mo máa wá, èyí tó ti wà nínú lẹ́tà wọn, nínú bílì wọn, pàápàá èyí tó ní ojú méjì bíi “rifiuto” tàbí “riscaldamento”. Kí n tó kọ́ ẹnikẹ́ni nípa ìdọ̀tí, ẹja tàbí iṣẹ́ oko, màá ti bèèrè iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe lóru. Màá jẹ́ kí wọ́n sọ gbólóhùn náà ní èdè tiwọn kí wọ́n tó sọ ọ́ ní ti Ítálì, nítorí ibi tí èdè méjèèjì kò ti bára mu ni ìbéèrè “àwọn wo?” ti jáde. Gírámà kan ṣoṣo tó gba àárín gbogbo àkòrí kọjá ṣe fún wa ju àkòrí mẹ́wàá tí kò ní okùn lọ. Tí ìjà bá sì dé, bí tiwa ṣe dé, mi ò ní parí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ mọ́. Màá fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan àti bébà. Ẹnu ní ń sọ “àwọn ará Ítálì” àti “àwọn ọmọ Nàìjíríà”. Ọwọ́ tó mú bírò, tó mọ̀ pé wọ́n máa bi òun léèrè, ń dín olùṣe kù títí á fi bá ẹni tó ṣe é mu. Olùkọ́ náà gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n bi òun náà. Èyí ló ṣòro jù fún wa.

A pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i ní June, lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 8 àti 9, níbi tí wọ́n ti bi àwọn ọmọ onílùú bóyá kí wọ́n dín ọdún 10 fún ìwé ọmọ onílùú kù sí 5. Kò sí ẹnì kan nínú kíláàsì wa tó lè dìbò náà. Nǹkan bí 30 nínú 100 ló jáde, kò tó ìdajì tí òfin ń fẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Olùkọ́ kà á: “Il quorum non è stato raggiunto.” Wọn kò dé iye tí òfin ń fẹ́. Ará Senegal ló dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó hó: “Dagli assenti.” Àwọn tí kò wá ni.

Ọjọ́ yẹn ni Màmá fi fọ́tò kan hàn wá. Ìwé ìkìlọ̀ kan ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé alájà márùn-ún tó ń gbé: “Nel cortile sono stati abbandonati rifiuti ingombranti.” Ẹnì kan ti da bẹ́ẹ̀dì àti àga jíjẹrà sí àgbàlá. Ó ní gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ ní ilé yẹn, ti omi, ti ẹ̀rọ agbéniròkè, èdè Ítálì nìkan ni. Èyí nìkan ni wọ́n kọ ní èdè Ítálì, Gẹ̀ẹ́sì àti Lárúbáwá. Ó fi bírò búlúù rẹ̀ kọ “Da chi?” sábẹ́ rẹ̀, D rẹ̀ tóbi bí ìlẹ̀kùn. Nígbà tó máa fi dé láti ibi iṣẹ́ ní Sunday, ẹnì kan ti fi bírò pupa dá a lóhùn: “Boh.”

Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo ní kò sí nínú ìwé wa. Ohun tí àwọn ará Ítálì máa ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá gbé èjìká sókè, pé àwọn kò mọ̀.

Màmá yí fóònù náà, ó tún wò ó dáadáa.

“Irọ́ ni,” ó ní. “Ẹni yìí mọ̀ ọ́n.”